Ọkọ̀ mi ń ké bí irin tó ń lọ irin nígbà tí mo bá yà: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Awakọ̀ Bódìjà:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà ní Ìbàdàn, oní-ọ́tò ni. Láìpẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà tí mo bá yà, ariwo náà sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọmọ ọlọ lọ orí ọlọ tí kò sí ata lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìyànà ló ti ń ké. Bí mo bá rọra yà wọ inú ọgbà ilé, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lójú ọ̀nà ńlá láti Òjòó sí Ìwó Ròòdù, tí ọ̀nà tẹ̀ díẹ̀ tí ọkọ̀ sì ń sáré, ariwo náà yóò gbalẹ̀ kan, abẹ́ ẹsẹ̀ mi yóò sì máa gbọ̀n. Bí mo bá ń lọ tààrà, mo ṣì ń gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí rédíò bá wà lórí, n kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mẹkáníìkì kan wa ọkọ̀ náà yíká àdúgbò, ó ní kí n ra ṣáfùtì méjèèjì, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Òmíràn ní rack sítíárì ni, irin tó ń ti ẹsẹ̀ iwájú yà bí a bá yí sítíárì, pé kí n lọ wá odidi rẹ̀. Owó ohun méjèèjì kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé àpò mi ni a ó fi máa dán ọkọ̀ wò títí a ó fi bá ibi tó ń ké pàdé. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí èmi tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè yẹ̀ wò fúnra mi, tí yóò jẹ́ kí n mọ ẹni tó sọ òtítọ́?

Mẹkáníìkì Sángo:

Ẹ kú làálàá ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó dára púpọ̀ tí ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Ariwo tí ọkọ̀ ń pa nígbà tó bá ń yà kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ rárá, bí a bá ti fara balẹ̀ gbọ́ ìgbà tó ń ké àti ìgbà tó ń dákẹ́. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé a ti dárúkọ páàtì kí a tó béèrè ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì, ṣé ó ń ké? Ṣé apá méjèèjì ni ó ti ń ké bí ẹ bá ń rìn, àbí apá kan ṣoṣo? Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀, ṣé ohùn rẹ̀ yí padà? Ṣé bí ẹ bá tẹ iná ni ó ń pọ̀ sí i, àbí bí ọkọ̀ bá ti ń yára ló ń pọ̀ sí i, ìbáà jẹ́ pé ẹ tẹ iná tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́?

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ béèrè nípa ojú kan ni pé bí ọkọ̀ tó dúró bá ń ké, ọ̀rọ̀ náà kò lè kan ṣáfùtì tàbí béárìn ẹsẹ̀ (òrùka oníbọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé), nítorí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yí po. Ibẹ̀ ni a ti máa ń wo ọ́ìlì sítíárì, ball joint (oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè yà) tí gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ, àti béárìn kékeré tó wà lókè ṣọ́ọ̀kì, èyí tí sípíríǹgì ń bá yí nígbà tí a bá ń yí sítíárì. Corolla ti yín ṣì ń lo ọ́ìlì fún sítíárì, ATF (ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì oní-ọ́tò) oríṣi Dexron II tàbí III ni wọ́n sì ń dà sí i; bí ó bá ti lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù yóò máa ké roro bí ẹ bá yí sítíárì dópin. Àwọn Corolla tó jáde láti 2009 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ń lo iná mànàmáná fún sítíárì ní tiwọn, kò sí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni yóò dà sí i.

Onímọ̀-ẹ̀rọ Abẹ́òkúta:

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá Sángo sọ. Ṣáfùtì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn, ó sì yẹ kí a mọ bí a ṣe lè dá a lẹ́bi tàbí kí a dá a láre.

Nínú CV joint, ìyẹn oríkèé ṣáfùtì, tó wà ní ìdí táyà, bọ́ọ̀lù irin 6 ló ń rìn nínú ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ sára irin, gíríìsì dúdú sì kún inú rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀lù yìí ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè máa gba agbára láti ara ẹ́ńjìnnì kí ó sì tún lè máa yà sọ́tùn-ún sósì. Bí rọ́bà tó bò ó bá ya, gíríìsì yóò fọ́n jáde, iyanrìn àti omi yóò wọlé, irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ìgbà tí a bá yí sítíárì tán ni bọ́ọ̀lù máa ń rìn jìnnà jù lọ nínú ojú ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, CV joint ìdí táyà tó ti jẹ kì í ké wùùù. Ká-ká-ká-ká ni ó máa ń ké, nígbà tí a bá yí sítíárì dópin tí a sì tẹ iná, ó sì máa ń dákẹ́ tàbí kí ó rọlẹ̀ bí a bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Ẹ wá pápá gbalasa kan tí kò sí èrò. Ẹ yí sítíárì tán sí òsì, kí ẹ rọra tẹ iná, kí ọkọ̀ máa yí po bí ẹni ń fa òbìrí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ sì tún fi ẹ̀yìn rìn ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹ ṣí gíláàsì, ẹ pa rédíò, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró, kí ẹ sì tẹ̀ ba wo ẹ̀yìn táyà iwájú: bí rọ́bà bá ti ya, ẹ ó rí gíríìsì dúdú tó ti fọ́n káàkiri ara irin àti ẹ̀yìn táyà. Bí rọ́bà bá gbẹ, tí kò sì sí ká-ká-ká, kò sí ìdí kankan láti ra ṣáfùtì kan, áḿbọ̀ǹtórí méjì.

Ní tèmi, ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ béárìn ẹsẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Béárìn tó ti jẹ ń ké gẹ́gẹ́ bí eré ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, kò ka ẹ́ńjìnnì sí. Ẹ dán èyí wò lójú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ púpọ̀: bí ariwo náà bá ń ké lọ́wọ́, ẹ ti jíà sí N fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ọkọ̀ máa fi agbára tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀ tí ariwo kò sì yí padà, ó ti hàn pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kíyè sí apá tí ó ń ké sí. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì lórí eré, ìwúwo rẹ̀ máa ń fì sí ọ̀tún, béárìn ọ̀tún ni yóò sì gbé e. Èyí ni pé bí ariwo bá ń pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà sí òsì, tí ó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Fọganáísà Ìláró:

Ẹ má gbàgbé táyà, ẹ jọ̀wọ́. Táyà tí ojú rẹ̀ jẹ ní gẹ́gẹ́-gẹ̀gẹ̀, ibi kan ga ibi kan lọ sílẹ̀, a máa kùn gan-an bíi béárìn, mo sì ti rí àwọn tó pààrọ̀ béárìn tí ariwo kò kúrò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti iwájú sẹ́yìn, kí ẹ tún rà á láti ẹ̀yìn síwájú. Bí ó bá rọ̀ ní ọ̀nà kan tó sì ń họ yín lọ́wọ́ ní ọ̀nà kejì, ẹ gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ gbé tẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ sì wà á lójú ọ̀nà kan náà. Bí ariwo bá tẹ̀ lé táyà lọ sẹ́yìn, ẹ ti mọ̀.

Ohun kejì ni pé àwọn kan máa ń ra táyà tó ga ju èyí tí ọkọ̀ bá wá lọ. Bí ẹni tí táyà rẹ̀ jẹ́ 195/65R15 bá fi 205/65R15 rọ́pò rẹ̀, òbìrí táyà náà ti fi mìlímítà 13 fẹ̀ sí i láti etí kan dé èkejì. Bí ó bá wá yí sítíárì dópin, táyà lè máa fi ara ha ike tó wà nínú ihò táyà. Ohùn yẹn kì í jọ irin, ojú ibi tó ń ha sì máa ń dán, nítorí náà kò ṣòroó mọ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ fi ti Honda CR-V kún un, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn tó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́la. CR-V ọdún 2002 sí 2006 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ọkọ̀ ni tèmi. Ní tirẹ̀, bí mo bá ń yà wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tí mo sì yí sítíárì dópin, ẹ̀yìn ni yóò ti máa ké hùùùn, tí yóò máa lọ̀, tí ìdí ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n rìrì. Wọ́n ní kí n lọ wá gíábọ́ọ̀sì ẹ̀yìn tòkunbọ̀.

Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ti gbó. Gíábọ́ọ̀sì ẹ̀yìn CR-V náà ní pọ́ǹpù méjì àti àwọn awo pẹlẹbẹ tó ń rá ara wọn mú, kì í sì í ṣe ọ́ìlì jíà lásán ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Dual Pump Fluid ni Honda ń pe tirẹ̀, ó sì máa ń gbà bíi lítà 1. Bí ọ́ìlì náà bá gbó, àwọn awo yẹn yóò máa rá mú tí yóò máa tú sílẹ̀ ní gìrìgìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kòńkó. Wọ́n tú ti àtijọ́ dànù, ó ti dúdú kirikiri. Wọ́n da tuntun sí i, mo sì wa ọkọ̀ náà yípo-yípo ní pápá kí ó lè dé gbogbo ibi. Ariwo náà kò ké mọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tú ìdérí tòkè, èyí tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i, kí wọ́n tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá fa ọ́ìlì tán tí ti òkè kò sì gbà kó ṣí, ọkọ̀ ti di àgọ́ síbẹ̀ nìyẹn.

Awakọ̀ Bódìjà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá àti ìyá wa. Mo ti ṣe àwọn ìdánwò náà. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, sítíárì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ké rárá, ọ́ìlì rẹ̀ sì wà láàárín àmì méjèèjì. Ní pápá, mo yí i tán sọ́tùn-ún sósì, mo fi iwájú rìn, mo fi ẹ̀yìn rìn, n kò gbọ́ ká-ká-ká kankan. Rọ́bà ṣáfùtì méjèèjì gbẹ, kò sí gíríìsì lẹ́yìn táyà. Lójú ọ̀nà, mo ti jíà sí N, ariwo náà kò yí padà. Bí ọ̀nà bá tẹ̀ sí òsì, ó ń pọ̀. Bí ó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Ojú táyà rọ̀ ní ọ̀nà méjèèjì. Ṣé kí n ti gbà báyìí pé béárìn ọ̀tún ni?

Mẹkáníìkì Sángo:

Ó ti ń jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ jẹ́rìí sí ohun tí etí gbọ́, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ohùn máa ń tan ni nínú ọkọ̀, tí èyí tó ń ké lọ́tùn-ún yóò dà bí ẹni pé òsì ló wà.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé iwájú ọ̀tún sókè pẹ̀lú jáàkì, kí ẹ sì fi irin ìgbékalẹ̀ tì í lábẹ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Jáàkì nìkan kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ wá ti jíà sí N kí ẹsẹ̀ náà lè yí.

Ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, kí èkejì di ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ máa tì í kí ẹ sì máa fà á. Bí ó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, béárìn tàbí ball joint ni. Ẹ ní kí ẹlòmíràn tẹ bíréèkì, bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, béárìn ni, bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo ball joint. Ẹ tún di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà mú, kí ẹ mì ín bákan náà. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń mì, tie rod ni, irin tó so rack sítíárì mọ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé béárìn tí kò mì kò jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ti máa ké tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìdánwò tó kẹ́yìn yìí ju gbogbo wọn lọ. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan fẹ́ẹ́rẹ́ lórí sípíríǹgì ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí táyà pẹ̀lú agbára. Ẹ kò ní gbọ́ nǹkan púpọ̀ létí, ṣùgbọ́n bí béárìn bá ti jẹ, ìka yín yóò mọ̀ ọ́n: sípíríǹgì náà yóò máa gbọ̀n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú irin. Ẹ gbé apá òsì náà kí ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ lè fi wé ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí ìka yín wọ àárín sípíríǹgì.

Awakọ̀ Bódìjà:

Mo ṣe é, ọ̀gá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ti òsì ń yí láìsí ìró. Ti ọ̀tún kò mì rárá nígbà tí mo tì í tí mo sì fà á, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ìka kan sípíríǹgì tí mo yí táyà, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí ẹ sọ yẹn gan-an ni mo bá níbẹ̀. Aládùúgbò mi náà fi ọwọ́ kàn án, ó sì mọ ìyàtọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́ fún un.

Awakọ̀ Ìyànà-Ìpájà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tiwa tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, bí kò bá tíì mì, a ṣì máa ń wà á. Ṣé kò lè fi í ṣiṣẹ́ títí owó yóò fi dé?

Onímọ̀-ẹ̀rọ Abẹ́òkúta:

Mo mọ bí nǹkan ṣe rí fún ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ni oko rẹ̀, n kò sì ní sọ pé kí ènìyàn gbé ọkọ̀ jókòó lọ́jọ́ tó gbọ́ ariwo àkọ́kọ́. Àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n wa yìí ti kọjá ìyẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Béárìn tó ti ń lọ irin ń gbóná. Gíríìsì inú rẹ̀ ń jóná, àyè inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ojú hub (irin tí a ń de táyà mọ́) tí òrùka rẹ̀ jókòó lé sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Béárìn nìkan ni ìbá rà lónìí. Bí ó bá pẹ́, yóò ra béárìn, yóò ra hub. Bí ó bá tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ náà yóò máa fì, yóò máa ti páàdì bíréèkì sẹ́yìn, tí bíréèkì yóò fi máa wọlẹ̀ ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni kí ẹsẹ̀ tú lórí eré. Bí ó bá di dandan kí a wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ rọra rìn, ẹ má gba ọ̀nà ńlá, ẹ má sì kó èrò.

Onípáàtì Àràròmí:

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, ìtòsí yín la wà ní Agodi Géètì. Béárìn iwájú Corolla ọdún 2003 sí 2008 ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá lè tú ti àtijọ́ kí ẹ tó wá, ẹ mú un dání, kí a fi wé ara wọn ní fífẹ̀ àti ní gígùn, kí ẹ sì ka nọ́ḿbà tí wọ́n gbẹ́ sára òrùka rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo ara irin fúnra rẹ̀, kí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ti páálí mu, kí ó sì jẹ́ pé ó hàn ketekete, kì í ṣe ọ̀dà tí èékánná lè họ kúrò.

Ẹ má ra béárìn tòkunbọ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò nínú knuckle, irin ńlá tí béárìn ń jókòó sínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tì í jáde, àárín bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni agbára gbà, ó ti fara pa kí ẹ tó gbé e délé. Bí owó bá le tàbí kò bá sí ẹ̀rọ ìtẹbéárìn nítòsí, odidi knuckle tòkunbọ̀ tí hub àti béárìn wà nínú rẹ̀ sàn jù, nítorí pé ẹ lè fi ọwọ́ yí i lójú wa níbí kí ẹ sì gbọ́ bó ṣe ń yí. Síbẹ̀, èmi tí mò ń tà á ń sọ fún yín pé ẹni tó bá rí tuntun gidi rà, kí ó ra tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀n:

Mo kí gbogbo ilé. Mo kàn fẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ rọ́bà ṣáfùtì tí wọ́n sọ ṣáájú, kí a má fi ojú kékeré wò ó nítorí pé kò kan ẹjọ́ ti òní. Níbi tí mo wà yìí, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT ti ka rọ́bà CV joint tó ya débi tí ìdọ̀tí lè wọlé sí àbùkù ńlá, ọkọ̀ náà kò sì ní yege títí wọn yóò fi tún un ṣe. Rọ́bà tí a bá tètè pààrọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, tí a fọ inú rẹ̀ mọ́ tí a sì fi gíríìsì CV joint gan-an sí i, lè gba odidi ṣáfùtì là. Gíríìsì lásán tí a ń fi sí ìdí ilẹ̀kùn kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ó bá sì di pé a ó ra ṣáfùtì, ẹ wò ó bóyá tiyín ní òrùka eléyín tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì) fi ń ka eré ẹsẹ̀. Bí tuntun kò bá ní in, iná ABS yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì ní kú.

Mẹkáníìkì Sángo:

Ó kù díẹ̀ kí n fi yín lé ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe é, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ béárìn tuntun ti ń kú ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró ti ẹni náà kí ẹ sì wò ó.

Béárìn iwájú Corolla yìí, ńṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú knuckle. Kò dà bíi ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà tí bóòtù 4 ń de hub mọ́. Wọ́n ní láti tú knuckle sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí ẹ̀rọ ìtẹbéárìn wà. Bí wọ́n bá ní òòlù ni àwọn yóò fi gbá a wọlé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Òòlù ń fi àpá kéékèèké sí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà, kò sì ní pẹ́ tí ariwo yóò fi padà, tí wọn yóò wá sọ pé fèéèkì ni ẹ rà.

Lórí ẹ̀rọ náà pàápàá, ọ̀nà wà tí a ń gbà tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ń ti béárìn wọ inú knuckle, etí òrùka òde ni irin ìtìbọnú gbọ́dọ̀ gbé lé. Bí ó bá wá kan kí a ti hub wọ inú béárìn, òrùka inú ni a gbọ́dọ̀ fi irin gbé dúró láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lódì ti jẹ́ kí gbogbo agbára ẹ̀rọ gba àárín bọ́ọ̀lù kọjá. Òrùka inú béárìn àtijọ́ sábà máa ń kù sára hub. Ẹ̀rọ ìfàyọ ni kí wọ́n fi fà á, bí wọ́n bá sì ní láti gé e, kí wọ́n má jẹ́ kí ojú irin ìgé náà kan ara hub. Kí wọ́n nu inú knuckle mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì dá òrùka tó ń di béárìn mú padà sí ojú ihò rẹ̀, kí ó wọlé pátápátá.

Nóòtì ìdí ṣáfùtì, tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Sípánà 30 ni ó ń gbà, 216 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń le nóòtì) sì ni wọ́n ń fún un tó lórí ọkọ̀ yìí, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá fi irin tẹ etí rẹ̀ wọ inú ihò tó wà lára ṣáfùtì kí ó má baà tú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ náà kiri lórí ilẹ̀ kí nóòtì yẹn tó le, nítorí pé òun ló ń pa òrùka inú béárìn pọ̀. Níkẹyìn, bóòtù tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ knuckle ni wọ́n tú, nítorí náà ẹ lọ wo àlàáímẹ́ǹtì lẹ́yìn iṣẹ́.

Awakọ̀ Bódìjà:

Wọ́n ti ṣe é, ẹ̀yin ọ̀gá, mo sì dúró ti wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n yọ béárìn ọ̀tún, ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà lára òrùka inú ti ṣí bó ní ibi kan tó fẹ̀ tó èékánná ọmọdé, gíríìsì tó kù níbẹ̀ sì ti pọ́n fún ìpẹtà. Ojú hub ṣì dára, a kò ra òmíràn. Ọkọ̀ náà ń lọ wẹ́rẹ́ báyìí, mo gba ojú ọ̀nà Òjòó kan náà lórí eré kan náà, kò sí kíkùn, kò sí gbígbọ̀n. N kò ra ṣáfùtì, n kò sì ra rack. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín.

Ohun kékeré kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Bí mo bá rọra ń yà wọlé, mo ń gbọ́ ṣíì-ṣíì-ṣíì tín-ín-rín lápá ọ̀tún kan náà, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí táyà ṣe ń yí. Kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ṣé kí n padà lọ bá wọn ni?

Mẹkáníìkì Sángo:

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn dísìkì tó ń gba omi àti iyanrìn dúró. Bí wọ́n bá ń tú knuckle, ó rọrùn kí ọwọ́ tàbí sípánà tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa fi etí kan ha dísìkì. Nígbà mìíràn pàápàá, òkúta kékeré ló há sáàárín wọn, ariwo tirẹ̀ sì máa ń le ju èyí tí ẹ sọ lọ.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́sí, ẹ tú táyà, kí ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ wo àárín dísìkì àti irin pẹlẹbẹ náà yíká. Ibi tó ń ha yóò ti máa dán. Ẹ fi ọwọ́ tàbí orí ìdè-bóòtù rọra tì í kúrò lára dísìkì, kí àyè wà láàárín wọn yíká, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí dísìkì títí ẹ kò fi ní gbọ́ ṣíì-ṣíì náà mọ́. Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wo nóòtì ìdí ṣáfùtì bóyá wọ́n tẹ etí rẹ̀ wọlé lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá táyà padà, ẹ máa le nóòtì rẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, 103 Nm ni wọ́n ń fún nóòtì táyà Corolla yìí, kí ẹ sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á díẹ̀.